Ìrora Kì í Ṣe Ara Iṣẹ́ Ìlù

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ò ní pa yín lára.

Ṣé ẹ ṣe àmín? Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí àdúrà yẹn ná, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tiwa lónìí. Iṣẹ́ ò ní pa yín lára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń pa àwọn kan lára. Ọwọ́ ló ti ń pa wọ́n. Wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn wo ni mò ń bá wí? Ẹ̀yin ọmọ Àyàn, ẹ sún mọ́ rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá, ẹ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ dùùrù àti kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin tí ẹ ń lu àkúbà, ẹ̀yin tí ẹ ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi létí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe onílù náà, ẹ má tíì pa rédíò o. Aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń gún iyán tà, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Ìrora kì í ṣe ara iṣẹ́ ìlù. Mo tún un sọ o. Ìrora kì í ṣe ara iṣẹ́ ìlù. Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ má ní bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ẹ tètè wádìí ibi tó ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ onílù dáadáa. Ẹ wo ẹni tó ń lu ìyáàlù dùndún lóde ìnáwó. Ìlù kọ́ ọ léjìká òsì. Ọwọ́ òsì di osán mú. Ó ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́. Ó ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń fún un ni ohùn ń lọ sókè, bó ṣe ń dẹ̀ ẹ́ ni ohùn ń wálẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún di kọ̀ǹgọ́ mú, ọrùn ọwọ́ sì ń jà fìrìfìrì. Èjìká kan gbé sókè, èkejì wálẹ̀. Orí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó ń jó bọ̀, onílù ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, ó ń kì í, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Láti ọ̀sán Sátidé títí àwọn alásè fi ń kó ìkòkò wọn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Òde míì ni.

Ẹ tún bá mi wo ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìsọ́ òru. Àga oníke ló jókòó lé, àga náà kéré. Irin tí kíbọ́ọ̀dù wà lórí rẹ̀ ga. Èjìká rẹ̀ wà lókè nítòsí etí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká. Pásítọ̀ ń gbàdúrà, ó yíjú sí i, ó ní, “Máa bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́lẹ̀ lábẹ́ àdúrà.” Àdúrà kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ mu omi, ó sinmi díẹ̀. Ìjọ jókòó, wọ́n sinmi díẹ̀. Ta ni kò sinmi? Ọmọ yẹn ni. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin ará, ṣé irin ni ọwọ́ ni?

Báwo ni wàhálà yìí ṣe ń wọlé? Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn òde ni ọwọ́ á máa ro yín. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó ní ó ti lọ. Ẹ ó ní ó rẹ̀ yín lásán ni. Tó bá tún yá, ojú òde gan-an ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó fi róòbù pa á, ẹ ó gbé oògùn ìrora mì, ẹ ó tún gbé ìlù. Tó bá tún yá, dídi bọ́tìnnì á di iṣẹ́. Gbígbé ife omi á di iṣẹ́. Kọ̀ǹgọ́ á máa já bọ́ lọ́wọ́ yín.

Àwọn míì wà tó jẹ́ pé òru ni tiwọn. Wọ́n á ta jí, ọwọ́ á ti kú. Wọ́n á máa gbọn ọwọ́ nù, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n títí á fi jí padà. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àbí ẹ̀yin fúnra yín ni?

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ bá mi wo ìka tó ń kú. Bó bá jẹ́ àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni, iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ń gba ojú ihò tóóró kọjá nínú ọrùn ọwọ́. Ihò yẹn ló há mọ́ ọn. Carpal tunnel syndrome ni àwọn dókítà ń pè é. Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀lé e ló ń kú, ìgúnpá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí ẹ̀yìn ìgúnpá ni iṣan tiwọn ń gbà. Bó bá sì jẹ́ pé ìdí àtàǹpàkò ló ń ta yín nígbà tí ẹ bá fún osán tàbí tí ẹ fún aṣọ, iṣan tó ń fa àtàǹpàkò ló ti ń gbo ara rẹ̀ níbi tó ti ń kọjá.

Ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ dídùn kì í ṣe oríṣi kan? Èyí tó ń ṣe Lágbájá lè má jẹ́ èyí tó ń ṣe yín. Oògùn tó ran Lágbájá lọ́wọ́ lè má ràn yín lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo onílù ló ń rẹ́rìn-ín lóde, a ò mọ èyí tí ọwọ́ ń ro. Kí ló dé tí wọn ò fi ń sọ ọ́? Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọ̀gá bá gbọ́, ẹlòmíràn ni yóò pè sóde ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ẹgbẹ́ wọn á ní, “Ṣé ìwọ náà tún ń pe ara rẹ ní ọmọ Àyàn?” Ni wọ́n bá gbé e mì. Àìtètè mólè sì rèé, olè ló máa ń mú olóko.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àwọn onílù àti olórin tí ọwọ́ ń dùn là ń sọ. Ohun tí à ń sọ ni pé ìrora kì í ṣe ara iṣẹ́ ìlù, ó sì yẹ kéèyàn tètè wádìí ibi tó ti ń wá.

Ibi tó ti ń wá yẹn ni mo fẹ́ gbà ṣí ọ̀rọ̀ kejì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí gílóòbù inú yàrá yín kò bá tàn, ṣé gílóòbù nìkan ló lè bàjẹ́? Rárá o. Ó lè jẹ́ wáyà ara ògiri. Ó lè jẹ́ mítà. Ó lè jẹ́ orí òpó níta ni wáyà ti já. Ẹ lè pààrọ̀ gílóòbù láàárọ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lálẹ́, bó bá jẹ́ orí òpó ni, inú òkùnkùn lẹ máa sùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́. Iṣan ìmọ̀lára tó dé ìka yín, ọrùn ló ti wá. Ó yọ láàárín eegun ọrùn, ó gba abẹ́ eegun èjìká níwájú, ó gba apá, ó gba ìgúnpá, ó gba ọrùn ọwọ́, ó wá dé ìka. Ibikíbi tí nǹkan bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ìka ló máa ké. Ẹni tó ń fi róòbù pa ìka, tó sì jẹ́ pé ọrùn ni nǹkan ti ṣe é, iṣẹ́ kékeré kọ́ ló ń ṣe lásán.

Ẹ wá rántí onílù wa, tí orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ rántí ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù wa, tí èjìká rẹ̀ wà nítòsí etí. Ṣé ó yà yín lẹ́nu bí ọrùn wọn bá le?

Ibí yìí ni àwọn oníṣẹ́ kan ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Chiropractor ni wọ́n ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi ọwọ́ lásán yẹ eegun ẹ̀yìn, ọrùn àti oríkèé ara wò, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tì í tàbí kí wọ́n fà á kí oríkèé tó ti le lè máa ṣiṣẹ́. Wọn kì í fi abẹ ya ara. Wọn kì í sábà kọ oògùn fúnni. Ẹ má sì kà wọ́n mọ́ àwọn bàbá wa tó ń to eegun tó dá. Eegun tó dá kọ́ ni iṣẹ́ tiwọn.

Ta ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀? Ọkùnrin kan ni, Daniel David Palmer, ní ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1895. Wọ́n ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń gbálẹ̀ nínú ilé tí Palmer ti ń ṣiṣẹ́. Harvey Lillard lorúkọ rẹ̀. Kò gbọ́ràn dáadáa. Palmer fọwọ́ ti eegun kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ní etí ọkùnrin náà là. Ni Palmer bá ń kéde pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ọmọ aráyé.

Ṣé òótọ́ ni? Àwọn oníṣègùn kò gbà á. Eegun ẹ̀yìn kò fa ibà. Kò fa àtọ̀gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé títẹ ẹ̀yìn nìkan máa wo gbogbo àrùn ara yín sàn, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀yìn dídùn àti ọrùn dídùn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń mú ara tu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn olórin fi ń lọ bá wọn.

Ó dáa. Bí onílù bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀? Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo o. Ẹ gbé ìlù yín dání. Ẹ gbé gìtá yín dání. Chiropractor tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sáré fọwọ́ kan yín lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ló máa kọ́kọ́ bi yín. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ìka wo ni? Ṣé òru ló ń le jù ni àbí ojú òde? Ṣé ẹ ti ṣubú rí? Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru? Oògùn wo lẹ ń lò?

Lẹ́yìn náà, á ní kí ẹ yí ọrùn sọ́tùn-ún, kí ẹ yí i sósì. Á ní kí ẹ fún ìka òun mọ́ra kó lè mọ bí agbára ọwọ́ yín ṣe tó. Á fi òwú kan ìka yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ní, “Ṣé ẹ gbọ́ eléyìí? Ìyẹn ńkọ́?” Á fi ìka kan ọrùn ọwọ́ yín tẹẹrẹ, á bi yín bóyá ó ta dé àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ní, “Ó yá, ẹ lù ú kí n rí i.” Ẹ ó gbé ìlù kọ́ èjìká. Ẹ ó lù ú. Kò ní wo ìlù o. Èjìká yín ló máa máa wò. Á wo bí ẹ ṣe di kọ̀ǹgọ́ mú, bóyá ẹ dì í bí ẹni tó fẹ́ kó sálọ ni, àbí ẹ dì í wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tó bá wá yá ló máa fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ó lè fọwọ́ tẹ ẹran ara tó ti dì pọ̀ léjìká àti lápá. Ó lè ti oríkèé ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn, ẹ ó sì gbọ́ “kà!” Ẹ má jẹ́ kí ariwo yẹn bà yín lẹ́rù, ẹ má sì jẹ́ kó tàn yín jẹ. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló ń dún bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé eegun tó yẹ̀ ti padà sáyè. Á wá kọ́ yín ní eré ìmárale tí ẹ ó máa ṣe nílé. Bó bá tẹ̀ yín tán tí kò kọ́ yín ní ohunkóhun tí ẹ ó ṣe fúnra yín, iṣẹ́ àbọ̀ ló ṣe.

Mi ò fẹ́ tàn yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára wọn mọ. Bó bá jẹ́ ihò tóóró inú ọrùn ọwọ́ yẹn ló há, ẹ̀rí pé títẹ eegun ń wò ó sàn kò pọ̀. Ohun tí àwọn dókítà mọ̀ dájú fún un ni pé kéèyàn sinmi, kó máa fi ìdè tó ní pátákó wé ọrùn ọwọ́ sùn lóru kí ọwọ́ lè tò gbọọrọ, kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ síbẹ̀ bó bá ń le, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré láti tú ihò náà bí gbogbo ìyẹn kò bá ràn án. Àtọ̀gbẹ máa ń fà á. Oyún máa ń fà á. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò ná.

Àwọn kan sì wà tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí wọn lọ́rùn wìì. Àwọn wo ni? Arúgbó tí eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn ya lẹ́yìn tí wọ́n yí ọrùn, tó sì di rọpárọsẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, “Ẹ má yí mi lọ́rùn, ẹ fi eré ìmárale àti ìfọwọ́wọ́ra ṣe tèmi.” Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Bí ẹran ìdí àtàǹpàkò yín bá ti ń rù, bí ọwọ́ méjèèjì bá ń kú tí ẹsẹ̀ náà sì ń gbọ̀n, bí ọwọ́ bá wú tó gbóná lẹ́yìn tí ẹ ṣubú, tàbí bí apá kan bá dédé rọ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ìtàn òótọ́ ni. Ọkùnrin kan wà l'Amẹ́ríkà, Leon Fleisher lorúkọ rẹ̀. Dùùrù ló ń tẹ̀. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀ ẹ́, ayé sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1964, ó kù díẹ̀ kó bá ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú Cleveland lọ sí Rọ́ṣíà. Ni ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀lé e bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú àtẹ́lẹwọ́. Ó ń nà wọ́n, wọ́n ń ká. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó sinmi ni? Rárá o. Ó tún tẹra mọ́ dùùrù. Ó rò pé òun ò tíì fi dánra wò tó ni. Bó ṣe ń tẹra mọ́ ọn ni ọwọ́ ń bàjẹ́ sí i.

Ẹ gbọ́ o, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí fi ń fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ dùùrù níwájú àwùjọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, ó ń darí ẹgbẹ́ olórin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò jẹ́. Ó wá ìwòsàn kiri. Níkẹyìn ni àwọn dókítà wá mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Focal dystonia ni. Kì í ṣe eegun. Kì í ṣe ọrùn. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún ìka ló dàrú. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń dẹ iṣan, wọ́n fi ìfọwọ́wọ́ra tó wọra gan-an kún un, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lọ́dún 2004, ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Two Hands, ìyẹn ọwọ́ méjì. Ó ti lé láàádọ́rin ọdún nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ wo lẹ rí kọ́? Mo rí méjì. Èkíní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ó fi agbára mú ọwọ́ tó ní òun ò lè mọ́, ọwọ́ sì le mọ́ ọn lára. Èkejì, bí wọn ò bá tíì mọ ohun tó ń ṣeni, ẹni tó tẹ eegun ń tẹ̀ ẹ́ lásán ni, ẹni tó fúnni lóògùn ń fúnni lásán ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pọ̀, ẹ kú àbọ̀. Ọwọ́ onílù tó ń ro là ń bá bọ̀. A ti ní ìrora kì í ṣe ara iṣẹ́ ìlù. A ti ní ọrùn lè ní nǹkan, kí ó jẹ́ ìka ló máa ké. A ti ní chiropractor lè ran ọrùn, èjìká àti oríkèé tó le lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń dùn ni tirẹ̀. Ó wá ku ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe. Èyí ló sì ṣe pàtàkì jù, torí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù láyé bá tẹ̀ yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí ẹ tún lọ gbé èjìká sókè lóde lọ́jọ́ Sátidé, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ó tún bá ara yín.

Kí lẹ ó wá máa ṣe?

Kí ẹ tó gbé ìlù, ẹ jẹ́ kí ara gbóná. Ẹ yí èjìká. Ẹ ṣí ọwọ́, ẹ pa á. Ẹ lù ú lọ́lẹ̀ ná kí ẹ tó lù ú kíkan.

Ẹ dẹ ọwọ́ lára kọ̀ǹgọ́. Kò ní sálọ. Ẹ ṣàtúnṣe okùn ìlù tàbí ti gìtá dé ibi tí èjìká ò fi ní máa gbé sókè. Ẹ máa pààrọ̀ bí ẹ ṣe dúró.

Ẹ̀yin oníkíbọ́ọ̀dù, ẹ wá àga tó bá yín mu. Bí ẹ bá jókòó tí ẹ gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, kí ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ rẹ irin sílẹ̀. Ẹ má tijú.

Ẹ sinmi kó tó máa dùn yín. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn. Bó bá sì ti ń dùn yín lójú òde, ẹ fún ẹlòmíràn ní ìlù díẹ̀. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá ni?

Ẹ má fi oògùn ìrora lu ìlù. Oògùn yẹn kì í wo ọwọ́ sàn. Ó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́ ni, ẹ ó sì máa ba ibi tó ń dùn náà jẹ́ lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀gá olórin náà. Ọmọ yín tó sọ pé ọwọ́ ń ro òun, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílù yín máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí òde bá gùn. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń kọ́ ọmọ nílù, bí ọmọ bá ní ó ń dun òun, ẹ má nà án padà sídìí ìlù. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, a bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá ń mu omi, ẹ rántí ọmọ tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí ìjọ fi ẹnu lásán kọ orin kan. Ọlọ́run máa gbọ́ ọ.

Níbo lẹ ó gbà lọ? Chiropractor kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board. Ẹ má tijú láti béèrè, ọwọ́ yín lẹ fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ̀ka físíò, ìyẹn physiotherapy, wà ní ọsibítù Ìgbóbì àti LUTH l'Ékòó, ó wà ní ọsibítù UCH n'Íbàdàn, ó wà ní ọsibítù Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ físíò náà mọ ọrùn, wọ́n mọ èjìká, wọ́n mọ ọwọ́. Ẹ̀yin ará wa tó ń lu ìlù ní Lọ́ńdọ̀nù, General Chiropractic Council ni òfin ibẹ̀ ní kí gbogbo chiropractor forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tún wà níbẹ̀ fún àwọn olórin àti eléré, British Association for Performing Arts Medicine. Wọ́n máa ń tọ́ka olórin sí dókítà tó mọ iṣẹ́ olórin. Ẹ lò ó.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àkókò ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó onílù tó ń gbọ́ mi, ìwọ lo mọ̀ bóyá ọkọ rẹ ń jí lóru gbọn ọwọ́. Bá a sọ ọ́ lónìí. Ọ̀gá olórin tó ń gbọ́ mi, pe àwọn ọmọ rẹ, bi wọ́n léèrè. Onílù tó ń gbọ́ mi, má fi pamọ́ mọ́. Ìlù tó bá ya, a ó fi awọ míì bò ó. Ọwọ́ tó bá bàjẹ́, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ìrora kì í ṣe ara iṣẹ́ ìlù. Ẹ lọ yẹ ọwọ́ yín wò lọ́sẹ̀ yìí, kí òde Sátidé tó dé.